Ìwé tó ń wù mí kà tẹ́lẹ̀ kò wù mí mọ́: kí ni kí òǹkàwé ṣe?

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ló kún pákó ìwé mi, ṣùgbọ́n wọn kì í mú mi dé orí kẹta mọ́. Ìtàn ìlú wa àti ìwé Yorùbá àtijọ́ ló ń wù mí báyìí, wọn kò sì rọrùn láti wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìfẹ́ ọkàn òun ló yí padà, tàbí ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni? Báwo la ṣe ń wọnú irú ìwé tí a kò bá dàgbà? Kí la sì ń ṣe sí àwọn ti tẹ́lẹ̀?

Tísà Ìjagun:
Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Kọ́kọ́ ya àárẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyípadà, torí oògùn wọn kò dọ́gba. Mú ìwé kan tí o ti kà lẹ́ẹ̀mejì rí, tó sì dùn mọ́ ọ gan-an nígbà náà. Ka ojú ìwé 20 nínú rẹ̀ láàárọ̀, kí iṣẹ́ ọjọ́ tó gbà ọ́ lọ́kàn. Kí fóònù wà ní yàrá kejì, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí.

Bí o bá parí ojú ìwé 20 yẹn tí o ṣì fẹ́ máa bá a lọ, ìfẹ́ rẹ kò lọ síbì kan. Àfarawé irú ìwé yẹn ni o ti kà jù. Bí o bá kà á tán láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí kò mú ọ lọ́kàn, ìfẹ́ ti yí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn kan náà lo ń kà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì wọlé, àárẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì ti lé ní 40 ọdún, tó ń na ìwé jìnnà sójú kó tó rí i kà, kí ó lọ rí dókítà ojú ná kó tó dá ìwé lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ìwé ti sú àwọn, tó jẹ́ pé ìgò ni ojú wọn ń fẹ́.

Oògùn àárẹ̀ ni ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ní àkókò kan náà, lórí ohun kúkúrú: ewì, àròkọ, ìtàn kúkúrú. Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé, dìde, kódà bó bá ń dùn. Èyí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ wá ìwé lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni pé lọ́jọ́ kẹta, tó bá ti ń dùn, a máa ń fẹ́ kà á fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kẹrin, a ò ní ṣí i mọ́.

Tún ṣe ìṣirò yìí kí o má baà máa bínú sí ara rẹ. Ka ìwé fún ìṣẹ́jú 10, ka iye ojú ìwé tí o lọ. Bó bá jẹ́ 6, ìwé olójú ìwé 240 yóò gba ìṣẹ́jú 400, ìyẹn wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 40. Ní ìdajì wákàtí lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Bí ìwé Yorùbá àtijọ́ bá gbà ọ́ ní ìlọ́po méjì ìyẹn níbẹ̀rẹ̀, má fòyà. Ojú ń kọ́ nǹkan tuntun ni.

Ìyá Ìwé Ìkẹ́nnẹ́:
Tísà, ẹ káre. Kí n fi tèmi kún un: ìwé àkọsílẹ̀ ni yóò fi ìyípadà han èèyàn ju bí ọkàn ṣe ń rò ó lọ. Ìwé kíkọ ewé 60 ti tó fún ọdún kan. Ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kà ní ìdajì ojú ewé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ parí tàbí tí ẹ jáwọ́, ojú ìwé tí ẹ jáwọ́ sí, ibi tí ẹ ti rí i, ibì kan tó dì yín mú pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀, àti ohun tó sú yín nínú rẹ̀. Ìlà kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ohun tí ẹ ń wá lọ́jọ́ tí ẹ gbé ìwé náà.

Bí àpẹẹrẹ nìyí: “Bẹ̀rẹ̀ 3/3, jáwọ́ 9/3, ojú ìwé 61 nínú 240. Rírà, àlòkù, Òkè-Àjẹ́. Mò ń wá: ẹ̀rín. Ó dì mí mú: ojú ìwé 17, ìyá àgbà ń ka owó àjọ lábẹ́ fìtílà, ó sì ṣì í kà. Ó sú mi: aṣọ ni wọ́n ń júwe, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ wo bí ìyẹn ti kúrú tó, síbẹ̀ ẹ ti rí i pé ẹni yìí ń fẹ́ ìwé tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ló fún ìwé náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìràwọ̀ yẹn kò ní sọ ohunkóhun fún un. Ẹ má sì máa kọ àkópọ̀ ìtàn síbẹ̀, ó wà lẹ́yìn ìwé. Kí ẹ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì tí ẹ bá parí, torí ohun tó sú èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ gbàgbé.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ṣí i, kí ẹ sì ka ìlà “ó sú mi” nìkan láti òkè délẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ kan náà bá ti fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ “mo ti mọ òpin rẹ̀”, ìtàn ìfẹ́ kọ́ ló sú yín, ètò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé ni. Ẹ wá ìtàn ìfẹ́ tí kò parí síbi ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ “kò jọ ibi tí mo mọ̀”, ebi ìlú ẹni ló ń pa yín. Bó bá jẹ́ “ó gùn jù”, ẹ padà síbi tí Tísà ti sọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀.

Ní ti jíjáwọ́: ojú ìwé 50 ni kí ẹ fún ìwé. Ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún lè fún un ní 30. Bí kò bá mú yín títí ibẹ̀, ẹ pa á dé láìbẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru:
Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì. Ẹ má fo láti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sínú ìtàn igbó iwin lédè Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé irú ìtàn tí ẹ ti mọ̀ dání, kí ẹ pààrọ̀ èdè nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ di èdè mú, kí ẹ wá pààrọ̀ irú ìtàn. Ohun méjì kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó má sú èèyàn.

Ẹni tó ń bọ̀ láti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló sì ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú méjèèjì. Eré sísá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ rántí pé èdè ni ẹ ń kọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń fi òwe na ara wọn bí ẹní fi pàṣán. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìtàn ìfẹ́, Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974, ni kí ó mú: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan láàárín ọmọge mẹ́ta, òpin rẹ̀ kò sì rí bí èyí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé kékeré ni, ẹ lè parí rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tó ń fẹ́ ìtàn ilé, kí ó fi ìwé méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé Awólọ́wọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó jáde ní 1960, bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí i sí ní 1909. Ìsarà ti Ṣóyínká, 1989, dá lórí ìran bàbá rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìsarà. Ẹ kà wọ́n pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ Rẹ́mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ìlú tí wọ́n bá dárúkọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson, tó kọ parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ayé. Kò burú, ìwé ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti ogun Ìmagbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, ẹ rántí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì wá ohun tí àwọn òpìtàn Ìjẹ̀bú fúnra wọn kọ, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣù:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ló kù. Nínú ìwé tó ti pẹ́, mo ń rí “aiye”, “nwọn”, “enia”, ojú mi sì ń kọsẹ̀. Àmì ohùn kò sì sí lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀.

Tísà Ìjagun:
Àbúrò, ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ìlànà àkọtọ́ tuntun tó jáde ní 1974 nìyẹn, tàbí èyí tí wọ́n tún tẹ̀ láìtún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Nǹkan bíi ogún ọ̀rọ̀ ló máa ń dá èèyàn dúró. Bí o bá ti mọ̀ wọ́n, ọ̀nà là.

Kọ wọ́n sórí páálí kan kí o fi ṣe ìsàmì ìwé. “Aiye” ni ayé, “aiya” ni àyà, “ẹiyẹ” ni ẹyẹ. Nínú gbogbo wọn, wọ́n yọ i tó wà níwájú y dànù. “Enia” ni ènìyàn, “obirin” ni obìnrin, “ọkọnrin” ni ọkùnrin. “Nwọn” ni wọ́n, “nyin” ni yín, “ẹnyin” ni ẹ̀yin, “on” ni òun, “yio” ni yóò. “Li” ni ní: “li ọjọ na” ni ní ọjọ́ náà. “Nlọ” tí wọ́n kọ papọ̀ ni ń lọ.

Àwọn kan wà tí fáwẹ́lì wọn ti di méjì báyìí: “papa” ni pàápàá, “dada” ni dáadáa, “gan” ni gan-an, “alafia” ni àlàáfíà. Nínú orúkọ ìlú, “sh” ni ṣ. Èyí ò ṣòro fún wa, a ṣì ń rí “Shagamu” lára bọ́ọ̀sì.

Ní ti ohùn, má ṣe dúró sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ rí bákan náà nínú ìwé tí kò ní àmì, gbólóhùn ló ń yà wọ́n. Nítorí náà, ka gbólóhùn náà dópin pẹ̀lú ojú, lẹ́yìn náà kí o wá fi ẹnu kà á sókè. Etí rẹ yóò yan ohùn tó bá a mu. Bí ó bá ṣì dì, fi pẹ́ńsù fà á nídìí kí o máa lọ. Tó bá fi máa di òpin ojú ìwé, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yóò ti tú ara wọn. Ẹni tó bá ń dúró wá gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ kì í dé ojú ìwé 10.

Ojú ìwé márùn-ún lójúmọ́, sókè, fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè máa kà á nínú.

Ìyá Ìwé, ẹ má bínú o, n kò gbà fún òfin ojú ìwé 50 lórí irú ìwé yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, akọ̀wé ló kọ́kọ́ ń bá wa sọ̀rọ̀ kí Àkàrà-Ògùn tó ni ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ti mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí òkú ń wà ní ojú ìwé kìíní yóò rò pé ìwé náà kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ o: ọ̀nà tó gbà ń pe wá jókòó ni adùn rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, orí mẹ́ta gbáko ni kí a fún un, kí a sì kà á sókè kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ìyá Ìwé Ìkẹ́nnẹ́:
Mo gbà, Tísà. Fún ìwé tí a bá ń ka èdè rẹ̀ ju ìtàn rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ orí mẹ́ta. Fún ìyókù, ojú ìwé 50 mi dúró.

Alátẹ Ṣágámù:
Ẹ kú àpérò. Ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń yí padà kò gbọdọ̀ máa ra ìwé tuntun lówó gọbọi kó tó mọ̀ bó bá fẹ́ràn irú rẹ̀. Àlòkù ni kí ó fi tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá dúró níwájú àlòkù, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ìwé tó bu máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ tán. Bí ó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, torí yóò kó ran àwọn tó wà nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè ẹ̀yìn ìwé, níbi tí àwọn ewé ti so mọ́ra. Bí ẹ bá rí i pé ewé ṣẹ́ po ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ tí òwú sì gba àárín rẹ̀, wọ́n rán an ni, yóò pẹ́. Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan, ẹ ṣí i láàárín díẹ̀-díẹ̀. Bí ó bá dún káká, ìdìpọ̀ ewé kan ti fẹ́ já.

Ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé. Ìdìpọ̀ olójú ìwé 16 tàbí 32 ni ilé ìtẹ̀wé máa ń lò, nítorí náà bí ojú ìwé bá já dànù, ìdìpọ̀ kan ló sábà máa ń lọ: ẹ ó rí i tí 64 fò bọ́ sí 81. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò ju ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn lọ, torí oníwèé tó mọ nǹkan tí ń ṣe máa ń jẹ́ kí méjèèjì yẹn pé.

Ìwé ayédèrú: tádàwà rẹ̀ máa ń pọ́n níbì kan, á dúdú níbòmíràn, etí òsì rẹ̀ á fẹ̀ ju ọ̀tún lọ, ìlà á sì wọ́ lọ́wọ́ kan. Èyí tó burú jù fún wa ni pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà máa ń parẹ́ nínú ẹ̀dà ayédèrú ìwé Yorùbá, á wá dà bíi pé òǹkọ̀wé kò fi sí i. Ẹ wo ISBN náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Èyí tó ní nọ́ńbà 13 bẹ̀rẹ̀ ní 2007, nọ́ńbà 10 ló ní tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀dà 1975 gan-an ni, tí ISBN olónọ́ńbà 13 sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dà tuntun ni, kí iye owó rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀dà tuntun. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń ní 978 lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra níwájú.

Adìwépọ̀ Òde Rẹ́mọ:
Ẹni tó bá ti ń kó ìwé àtijọ́ jọ, kí ó mọ̀ pé òjò ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, omi wà nínú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a kó ìwé sínú ọ̀rá tàbí báàgì “Ghana-must-go” kí a so ó pa. Ìwé máa ń làágùn nínú rẹ̀ ni, ẹ ó sì tú u ní oṣù kọkànlá, gbogbo rẹ̀ á ti bu. Ìwé ń fẹ́ atẹ́gùn.

Ẹ gbé pákó ìwé kúrò lára ògiri ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, pàápàá ògiri tó kọjú síta tàbí tó bá ilé ìwẹ̀ pàdé. Kí pákó ìsàlẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí ẹ da ọ́ílì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí i dé ìlàjì: ikán kò ní gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo kò ní ṣiṣẹ́ bí igun pákó kan bá fara kan ògiri, torí inú ògiri ni ikán ń gbà. Ẹ máa wo ògiri lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ má fọ́ ọ lásán. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ibi tó ti jáde, ibẹ̀ ni kí ẹ da oògùn sí.

Ẹ má tò ó há. Kí ẹ lè fi ìka méjì di ìwé mú láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ kó sì jáde. Bí ẹ bá ń fa orí ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Kánfọ̀ dára fún aáyán, ṣùgbọ́n ẹ dì í sínú àkísà kékeré kó má kan ewé, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, májèlé ni.

Bí omi bá wọnú ìwé, wákàtí 48 lẹ ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má gbé e sóòrùn, yóò ká kò, yóò sì pọ́n. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ gbé e nàró, kí ẹ ṣí i bí abẹ̀bẹ̀, kí fáànù máa fẹ́ yàrá náà láìkọjú sí i tààrà. Ẹ fi tíṣù funfun sí àárín ní ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, tádàwà rẹ̀ máa ń wọ́ sára ewé tútù. Bí ó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, ẹ pa á dé, kí ẹ gbé ìwé wúwo mẹ́rin lé e mọ́jú. Bí ẹ bá dúró títí tó fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kò ní tẹ́ mọ́.

Èyí tó ti bu, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Ẹ gbé e síta, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lọ sí ọ̀nà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá fi àkísà tútù nù ún kàn ń fi pa gbogbo ìwé lára ni.

Kòkòrò tó ń lu ihò wínníwínní, tí ẹ ń rí ìyẹ̀fun rẹ̀ lórí pákó: ẹ dì ìwé náà sínú ọ̀rá méjì, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ gbé e sínú fíríísà tó ń dì gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná bá lọ tí yìnyín yọ́, ọjọ́ kìíní lẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá títí ọjọ́ kejì, kí omi lè dì sára ọ̀rá dípò ìwé.

Ewé tó ya, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe sẹ́lótéèpù. Yóò pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò ṣàn mú ojú ìwé kejì. Ẹ se síbí sítáàṣì kan pẹ̀lú síbí omi mẹ́fà títí yóò fi mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fa tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya lọ́wọ́, ẹ má fi síọ́ọ̀sì gé e, torí etí tó ṣe wúruwùru ló ń wọ ara ewé tí a kì í fi í rí i. Ẹ fi díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá sí abẹ́ àti orí rẹ̀, ẹ gbé ẹrù lé e mọ́jú. Ẹ da èyí tó kù nù lọ́jọ́ náà gan-an, aáyán fẹ́ràn rẹ̀. Bí èèpo ìwé bá ń tú kúrò lára ewé, gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ki í wọnú ibi tó ṣí, díẹ̀ báyìí, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ jáde kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fún àwa tí a ń kà lórí fóònù: bí ẹ bá lè yan láàárín PDF àti EPUB, irú fáìlì méjì tí ìwé orí fóònù máa ń wà, EPUB ni kí ẹ mú. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tóbi láìjẹ́ pé ẹ ń ti ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì. PDF tí wọ́n fi kámẹ́rà yà, àwòrán ni. Ẹ ò lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ dátà.

Bí àmì ohùn bá di àpótí kékeré tàbí tó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ìwé náà kò bàjẹ́. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní àmì ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ohun méjì ni a tò léra, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ni kò sì mọ̀ ọ́n tò. Ẹ lọ sí ètò inú áàpù tí ẹ fi ń kàwé, kí ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì sí Noto Serif, Gentium tàbí Charis SIL, yóò dúró dáadáa. Ẹ sì pa ìfitónilétí gbogbo áàpù yòókù kí ẹ tó ṣí ìwé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 10 tí Tísà sọ kò ní pé. Ẹni tó sún mọ́ Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun tàbí Ìlíṣàn, kí ó béèrè ní ilé ìkàwé àwọn yunifásítì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ìwé tí kò sí lọ́jà mọ́ máa ń wà níbẹ̀.

Ìyá Ìwé Ìkẹ́nnẹ́:
Ìbéèrè kẹta kò tíì rí ìdáhùn. Ẹ má tíì fi ìwé tẹ́lẹ̀ tọrẹ. Ìfẹ́ ọkàn máa ń lọ, á tún padà. Ẹ kó àwọn tí kò wù yín mọ́ sínú páálí, ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí kò tutù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èyí tí ẹ kò bá lọ fà yọ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé yín mọ́, ẹ lè fi í tọrẹ. Ẹ yẹ ẹ wò kí ẹ tó gbé e fún ilé ẹ̀kọ́: ìtàn ìfẹ́ àgbàlagbà kì í ṣe ti ọmọ JSS.

Ọ̀nà tó wúlò jù fún ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ń yí padà ni àjọ ìwé, bí a ṣe ń dá àjọ owó. Ẹni mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, iye kan náà lóṣooṣù. Ẹni tó bá kó o kò gbọdọ̀ ná an sórí ohun mìíràn ju ìwé lọ, òun ni yóò sì yan ìwé, kò sí ìdìbò. Ìdìbò ló ń pa àjọ ìwé, torí ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn gan-an. Ìwé jẹ́ ti ẹni tó kó o, ṣùgbọ́n yóò yí ọwọ́ márùn-ún ká, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ẹni tí ìfẹ́ wọn kò jọra: ẹni tó ń ka ewì, ẹni tó ń ka ìtàn ogun, ẹni tó ń ka eré onítàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹ kò ní rà láyé yóò dé ọwọ́ yín.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ kó o kì í dá ti oṣù tó kù mọ́. Ẹ fi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sí ipò kìíní. Kí akọ̀wé kan ní ìwé ìkọ̀rọ̀sí: orúkọ ìwé, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Owó ìtanràn ìdádúró ni kí ẹ fi ra ọ̀rá tí a fi ń bo ìwé.

Ọmọ Ìta-Ọ̀ṣù:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan péré ló kù: bí ìwé àjọ bá ti ń yí ọwọ́ ká, ṣé a lè fi pẹ́ńsù sàmì sí i?

Adìwépọ̀ Òde Rẹ́mọ:
Nínú ìwé ti ara yín, pẹ́ńsù 2B, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò parẹ́ láìfi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Nínú ìwé àjọ, rárá. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ìka, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sórí rẹ̀, kí ẹ fi sí àárín ojú ìwé náà. Kì í ṣe èyí tó ń lẹ̀ o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń kù sára ewé. Ẹni tó kàn yóò bá bébà yín níbẹ̀, yóò sì fi tirẹ̀ sí i.